“A ò rí i” kì í ṣe “kò sí”: àṣìṣe tí mo ṣe lórí àyẹ̀wò Kòrónà

Aránṣọ ni mí ní Àkúrẹ́. Ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ọjà Ọba. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé dókítà ló ń kọ̀wé yìí. Ohun tí mo mọ̀ nípa àyẹ̀wò Kòrónà, ojú mi ló rí i: mo gbé àrùn náà lọ bá ìyá mi nílé wọn ní Oǹdó, ìwé èsì tó ní kò sóhun tó ṣe mí sì wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ọdún 2021 ni. Ọyẹ́ mú. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó ti Èkó dé láti wá wọ aṣọ rẹ̀ wò. Léèsì funfun ni, eruku sì ń wọlé, ni mo bá ti gbogbo fèrèsé pa. A wà níbẹ̀ fún wákàtí méjì ó lé, èmi, òun, ìyá rẹ̀ àti ọmọ iṣẹ́ mi kan. Ìbòmú mi wà lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹni tó bá ń ránṣọ yóò mọ̀ pé ẹnu la fi ń di píìnì mú tí a bá ń gba aṣọ mọ́ èèyàn lára. Ta ló fẹ́ wọ ìbòmú ṣe ìyẹn?

Lọ́jọ́rú, ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣègbéyàwó náà pè mí. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èsì mi ti jáde. Wọ́n ní mo ní Kòrónà.” Ó ń sunkún. Kí n má parọ́, kì í ṣe òun ni mo kọ́kọ́ rò. Aṣọ ẹbí ogójì tó wà nílẹ̀ tí mi ò tíì gé ni mo rò, àti ohun tí àwọn tó ni ín máa sọ tí wọ́n bá gbọ́.

Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀ pé àrùn náà wà. Láti ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2020 ni wọ́n ti kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ológun kan tó ti Íńdíà dé. Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún yẹn, Gómìnà Rótìmí Akérédolú fúnra rẹ̀ sọ fáráyé pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé òun ní in, bẹ́ẹ̀ kò sí àárẹ̀ kankan lára òun. Nígbà tó di ọjọ́ 2 oṣù keje, Dókítà Wahab Adégbenró tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìlera wa kú. Ẹ̀rù ba gbogbo wa. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìbòmú ò kúrò lẹ́nu wa. Nígbà tí Kérésì fi máa dé, ó ti padà sábẹ́ àgbọ̀n.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú yẹn gan-an ni mo sáré lọ sí ilé àyẹ̀wò aládàáni kan. Wọ́n gún mi ní ìka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ kan, wọ́n ní kí n jókòó. Mo béèrè pé ṣé ti Kòrónà nìyẹn lóòótọ́, nítorí mo ti máa ń gbọ́ pé imú ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ní òun ni, pé èyí tiẹ̀ yá ju ti imú lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tẹ̀wé fún mi: NEGATIVE. Mo sanwó, mo dúpẹ́. Mo ra ọsàn fún ọmọ iṣẹ́ mi lójú ọ̀nà, mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Àṣìṣe méjì ló wà nínú ìrìn ẹyọ kan ṣoṣo yẹn, mi ò sì mọ ọ̀kankan nínú wọn. Mo ṣe irú àyẹ̀wò tí kò yẹ, mo sì ṣe é lọ́jọ́ tí kò tíì tó. Ká tiẹ̀ ní imú ni wọ́n gbà, ọjọ́ kejì péré ni mo wà. Tí kòkòrò yìí bá wọ ara, ó ní iye ọjọ́ tó ń lò kó tó pọ̀ débi tí àyẹ̀wò á fi rí i. Lásìkò yẹn, bí ọjọ́ márùn-ún ló sábà ń jẹ́ kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹni tó jókòó ti aláìsàn, tára rẹ̀ sì le, kò yẹ kó sáré bíi tèmi. Ó yẹ kó fara pamọ́, kó ka ọjọ́ márùn-ún, kó tó lọ. Ọjọ́ márùn-ún yẹn ló ń le fún èèyàn. Ẹ̀rù ni kì í jẹ́ ká lè dúró. A fẹ́ kẹ́nì kan tètè sọ fún wa pé kò sí nǹkan.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Yèyé mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìfúnpá gíga sì ń bá a fínra. Mo mú ìwé èsì náà dání torí mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n mi á béèrè. Wọ́n béèrè lóòótọ́, mo fi hàn wọ́n, gbogbo wọn sì ní “Ọlọ́run ṣeun.” Èmi àti Yèyé jọ fọwọ́ bu iyán nínú abọ́ kan náà. Yàrá wọn ni mo sùn, torí òtútù.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí bí ẹni tó gúnyán fún ìgbéyàwó. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo padà sí Àkúrẹ́, mo lọ ṣàyẹ̀wò ibà. Ó gbé ìlà méjì jáde. Ibà ni! Ọkọ mi mí kanlẹ̀, mo ra oògùn ní kẹ́míìsì, aládùúgbò mi kan gbé àgbo wá. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé ṣé ibà nìkan ni. Lọ́dọ̀ wa níbí, tí wọ́n bá ti rí ibà lára èèyàn, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Bí kò bá sì jẹ́ ibà, á jẹ́ táífọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ibà kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ Kòrónà. Àwọn méjèèjì lè jọ gbé inú ara kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan náà, èsì ọ̀kan ò sì sọ nǹkan kan nípa èkejì.

Irú ló tú mi fó. Lọ́jọ́rú mo ní kí n fi ẹ̀fọ́ tẹ́nu. Mo tú ọ̀rá irú, ọmọ mi tó wà ní pálọ̀ sì ti ń pariwo pé “Màámi, kí lẹ ṣí?” Èmi tí mo gbé e dání, mi ò gbọ́ òórùn kankan. Mo gbé e sún mọ́ imú. Kò sí. Mo ṣí kẹrosíìnì. Kò sí. Mo jókòó sórí àpótí ìdáná, àyà mi ń lù kìkì.

Àbúrò ọkọ mi kan, tí mo máa ń pè ní Akọ̀wé, ń ṣiṣẹ́ láàbù. Ìdí ẹ̀rọ GeneXpert ló máa ń wà, èyí tí wọ́n fi ń wá ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kí Kòrónà tó dé, tí wọ́n sì wá ń lò fún Kòrónà náà. Mo pè é. Mo ní wọ́n ti yẹ̀ mí wò, wọ́n ní mi ò ní in.

“Ìyàwó, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín àbí imú?”

“Ẹ̀jẹ̀ ni, Akọ̀wé.”

Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ìwé tí ẹ fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà yín dà? Tí mo bá ṣí i, tí mo rí orúkọ ẹnì kan níbẹ̀, ṣé ìyẹn ni pé onítọ̀hún jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yín nísinsìnyí?”

“Rárá o. Ó lè jẹ́ pé ọdún tó kọjá ló wá.”

“Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ ò tíì gbé téèpù, ṣé orúkọ rẹ̀ á ti wà nínú ìwé?”

“Kò lè sí níbẹ̀.”

“Ohun tí wọ́n ṣe fún yín nìyẹn. Ìwé ni wọ́n yẹ̀ wò, wọn ò wo inú ṣọ́ọ̀bù.”

Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe fún mi kì í wá kòkòrò. Ohun tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè láti bá kòkòrò jà ló ń wá, antibody ni wọ́n ń pè é, ìyẹn sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí àrùn ti wọlé kó tó hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí àrùn náà ti kúrò lára rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta lè ṣe é, kó jẹ́ pé ó ní. Ẹni tí àrùn náà ń bá jà lọ́wọ́ lè ṣe é, kó jẹ́ pé kò ní. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára sì dé Nàìjíríà ní oṣù kẹta ọdún 2021, ẹni tó ti gbà á náà lè rí ìlà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò ṣàìsàn rí. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá àrùn ti kan ìlú kan kọjá. Ẹni tó ń béèrè pé “ṣé mo lè lọ rí ìyá mi lọ́la?” kò ní ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Akọ̀wé wá ṣàlàyé àwọn ti imú. Méjì ni wọ́n, èèyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀ torí pé igi olówùú kan náà ni wọ́n ń tì bọ imú. Ọ̀kan ni PCR. Ó ní kí n fojú inú wò ó pé okùn pupa tín-ín-rín kan wà nínú òkìtì ègé aṣọ mi. PCR á mú un, á ṣe irú rẹ̀ di méjì, á sọ ọ́ di mẹ́rin, di mẹ́jọ, títí tí gbogbo òkìtì á fi pupa. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣòro fún un láti rí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹ̀rọ, ó ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, èsì rẹ̀ sì lè gba ọjọ́ díẹ̀. Èkejì ni antigen, tí wọ́n tún ń pè ní RDT. Ìyẹn kì í sọ nǹkan di púpọ̀. Èròjà tó wà lára kòkòrò náà ló ń wá, bó ṣe bá a náà ló ń sọ, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n. Tí kòkòrò bá pọ̀ nínú imú, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ó máa ń rí i dáadáa. Tí kò bá pọ̀, ó lè fò ó.

“Nítorí náà,” Akọ̀wé ní, “tí RDT bá sọ pé ẹ ní in, tára yín ò sì yá, ẹ gbà á gbọ́. Tó bá sọ pé ẹ ò ní in, ohun tó ń sọ ni pé òun ò rí i lónìí.”

Lọ́jọ́bọ̀ mo lọ síbi tí ìjọba ti ń gba àyẹ̀wò PCR lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́! Èmi tí mo ti sanwó fún èyí tí kò wúlò. Wọ́n ki igi náà bọ imú mi lọ jìnnà, omi dà lójú mi, mo sín lẹ́ẹ̀mẹta. Kò dùn mí bí mo ṣe rò. Ó kàn dà bí ìgbà tí omi bá gba imú wọlé lódò. Wọ́n gba ọ̀fun náà. Èsì gba ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ mẹ́rin yẹn, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹni tó ń retí èsì, bí ẹni tó ní in ni kó máa ṣe. Mo ti rí ẹni tó kúrò níbi tí wọ́n ti gba imú rẹ̀ tó gba ọjà lọ, ó ní wọn ò tíì sọ pé òun ní in. Èmi wà nínú yàrá, ọkọ mi ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń pe Oǹdó ní àràárọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní, “Yèyé ń wúkọ́ díẹ̀. Ọyẹ́ ni.” Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọyẹ́. Mo sọ fún un. Kò gbé mi lóhùn padà, ó kàn pa fóònù.

Wọ́n gbé Yèyé lọ sí ilé ìwòsàn kan lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ṣe RDT fún wọn, kò rí nǹkan kan, ni wọ́n bá fi wọ́n sí yàrá tí àwọn aláìsàn mìíràn wà. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan tó wọlé iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé ló béèrè pé ta ló ti wá kí màmá láìpẹ́, ibo lẹni náà sì ti ń bọ̀. Èsì tèmi jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an: mo ní in. Dókítà náà gba PCR lára Yèyé, kò sì dúró de èsì kó tó gbé wọn lọ sí yàrá ọ̀tọ̀, tó fi ọ́síjìn sí wọn nímú. Nígbà tí èsì jáde, ó rí bó ṣe rò. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi wà lórí ibùsùn náà. Mi ò mọ iye àwọn tó wà nínú yàrá àkọ́kọ́ tó kó o, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà, torí tí mo bá fẹ́ wá ẹni tó gbára lé ìwé lásán, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ mú.

Yèyé padà sílé. Èémí wọn ò rí bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n máa ń gùn láìdúró, wọ́n ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Ẹ ó rò pé mo ti gbọ́n. Ara mi ti yá pátápátá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ní mi ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù àfi tí èsì bá sọ pé mi ò ní in mọ́. Mo ṣe PCR lọ́jọ́ kẹrìnlélógún: mo ní in. Mo tilẹ̀kùn pa. Mo tún lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: mo ṣì ní in. Àwọn tó ni aṣọ ẹbí kó aṣọ wọn lọ, mo sì dá owó tí mo ti ná padà. Ọ̀rọ̀ owó yẹn, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jìnnà.

Nígbà tí mo rojọ́ fún Akọ̀wé, ó lu ọwọ́. “Ìyàwó, ta ló ní kí ẹ tún ṣe é?” PCR tó ń sọ okùn kan di òkìtì, kò mọ okùn tó wà láàyè yàtọ̀ sí ègé rẹ̀ tó ti kú. Ó lè máa rí ègé yẹn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, títí dé oṣù mẹ́ta, lára ẹni tí kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò di dandan kéèyàn tún àyẹ̀wò ṣe kó tó jáde: nígbà náà, ẹni tó ṣàìsàn á ka ọjọ́ mẹ́wàá láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, á fi ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta tí ara ti yá kún un, ó parí. Mo ti lé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá ìyẹn nígbà tí mo ń sunkún nítorí bébà.

Tí èèyàn bá wá ń ṣàìsàn míì láàárín oṣù mẹ́ta yẹn ńkọ́? RDT ló dáa kó lò, torí òun kì í fojú sí ègé.

Ìparí ọdún 2021 ni mo tó fọwọ́ kan èyí tí èèyàn ń ṣe fúnra rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ìlú ọba dé, níbi tí ìjọba ti ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà, ó sì kó páálí mẹ́rin wá. Mo ba mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́. Mo gbé ọ̀kan sínú mọ́tò ọkọ mi nínú oòrùn Àkúrẹ́; bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé kò gbọ́dọ̀ gbóná ju ọgbọ̀n lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ C kò jáde rárá, ohun tí kò bá sì ti gbé ìlà C jáde, ẹ jù ú nù, kò sọ nǹkan kan. Èkejì, mo kán omi rẹ̀ jù. Ẹ̀kẹta, mo gbàgbé rẹ̀ lórí tábìlì, mo wá kà á lẹ́yìn wákàtí méjì, mo rí ìlà kejì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Tó bá ti kọjá àkókò tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, ẹ má kà á mọ́, torí ó lè yọ ìlà tí kì í ṣe òótọ́. Ṣùgbọ́n ìlà tó bá yọ lásìkò, bó ti wù kó ṣá tó, ìlà ni. Ọkọ mi ní òjìji ni ọ̀kan tòun. Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Bí mo ṣe ń lò ó báyìí rèé. Tí ara mi bá ń gbóná tàbí tí mo ń wúkọ́, ọjọ́ náà ni mo ń ṣe é, mo sì ń ṣe ti ibà náà. Tí kò bá rí nǹkan kan, mi ò jáde. Mo dúró fún wákàtí méjìdínláàádọ́ta, mo tún un ṣe. Tí mo bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ àgbàlagbà, àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ wọkọ̀ ni mo ń ṣe èyí tó kẹ́yìn, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Nígbà tí wọ́n ṣì ń gba èsì lọ́wọ́ ẹni tó ń rìnrìn àjò sókè òkun, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè irú èyí tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sanwó. Píìnì, mo ti ra tìmùtìmù kékeré kan tí mo ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, ibẹ̀ ni mo ń gún un mọ́.

Ọdún tó kọjá, lásìkò ọyẹ́, mo dé Oǹdó pẹ̀lú ikọ́ tó ti ń lọ. Mo kanlẹ̀kùn. Yèyé ò ṣí i. Wọ́n dúró lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ṣé o ti ṣe é?”

“Mo ti ṣe é, Yèyé. Kò rí nǹkan kan.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì.”

“Nínú ẹ̀jẹ̀ àbí nímú?”

“Nímú, Yèyé.”

“Ọjọ́ mélòó ló wà láàárín méjèèjì?”

Mo ní ọjọ́ méjì gbáko. Wọ́n ronú sí i díẹ̀, wọ́n tú ìkọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n fi ìbòmú mi sẹ́nu wọlé, pé iyán ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n abọ́ tèmi ọ̀tọ̀.